Kọ́lá Balógun, ikọ̀ Nàìjíríà nílé Nkrumah

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 1960, wọ́n búra fún Nnamdi Azikiwe, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Zik, l'Ékòó gẹ́gẹ́ bíi Gómìnà Àgbà Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà. Ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú kan ló ń ṣojú Nàìjíríà ní Accra lásìkò yẹn, Olóyè Kọ́láwọlé Balógun. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fi orúkọ Zik pe ara wọn. Òun náà ló tún wà ní iwájú àwọn tó kọ̀wé ní ọdún 1958 pé kí Zik gbé ipò olórí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC sílẹ̀. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìwé yẹn, orílẹ̀-èdè tí Zik jókòó sórí àga ọlá rẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún. Iwájú ta ló sì ti ń sọ ọ́? Iwájú Kwame Nkrumah, ààrẹ Gánà, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan Áfíríkà lérí ju ẹnikẹ́ni lọ láyé ìgbà náà.

A máa ń ka orúkọ àwọn tó jà fún òmìnira bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀: Macaulay, Zik, Awólọ́wọ̀, Balewa, Enahoro. Ìlẹ̀kẹ̀ ti Balógun kì í sábà sí lára okùn náà. Ó dùn mí. Ìgbésí ayé rẹ̀ sọ ohun tí ìtàn àwọn tó borí kì í sọ fún wa, ìyẹn ohun tí òmìnira ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti fi ẹnu jà fún un, nígbà tó bá di pé ẹnu náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́.

Ọdún 1945 lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ogun àgbáyé ti sọ gbogbo nǹkan ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù kò sì kúrò níbi tó wà. Rélùwéè dúró, iṣẹ́ lẹ́tà àti tẹligíráàmù dẹnu kọlẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Azikiwe ló ń ti àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, ni ìjọba amúnisìn bá fòfin de West African Pilot àti Daily Comet ní oṣù keje. Kò pẹ́ ni Zik kéde pé wọ́n ń gbìmọ̀ láti pa òun, ó sì forí lé Onitsha. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ sí yẹ̀yẹ́ yẹn ju bí inú ṣe bí wọn sí ìjọba lọ.

Nínú oṣù kejì ọdún 1946 ni mẹ́rin nínú wọn dá Zikist Movement sílẹ̀ l'Ékòó: Kọ́lá Balógun, M.C.K. Ajuluchukwu, Abíọ́dún Àlọbà àti Nduka Eze. Kò sí èyí tó tíì pé ọgbọ̀n ọdún nínú wọn. Ẹ̀yà kan ṣoṣo kọ́ ló bí wọn, kò sì sí ẹni tó ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà nígbà náà. Balógun ni wọ́n fi jẹ ààrẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ kò ṣòro láti lóye: àwọn àgbà ti bẹ̀bẹ̀ tó, ẹ̀bẹ̀ kò mú òmìnira wá, ó tó àkókò kí a lé òyìnbó lọ sílé rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n láyé ìgbà náà. Nígbà tí Osita Agwuna dìde ní gbọ̀ngàn Tom Jones l'Ékòó ní ọdún 1948 tó pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yí ìjọba padà, tí Anthony Enahoro sì jẹ́ alága ìpàdé ọjọ́ náà, àtimọ́lé ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ àwọn mìíràn ni ẹgbẹ́ náà wà nígbà yẹn, Raji Abdallah ló jẹ́ ààrẹ. Ní ọdún 1950, ìjọba fòfin dè é pátápátá.

Balógun kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, ó di lọ́yà, ó sì padà sínú òṣèlú gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àgbà fún NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ tí Zik ń ṣe olórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń rìn mọ̀ pé akọ̀wé ló ń mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Òun ló ń gba lẹ́tà ẹ̀sùn, òun ló ń pe ìpàdé, òun ló ń mọ ẹni tó san owó ẹgbẹ́ àti ẹni tó fi ẹnu san án.

Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ Alákùkọ ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ti gbàgbé lónìí. Nínú ìbò sí ilé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n na ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ nínú ilé rẹ̀: àga 23 nínú 42 ti ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n gbà. Òfin ìgbà náà sọ pé ẹgbẹ́ tó bá ní àga tó pọ̀ jù ní ẹkùn kan ni yóò yan àwọn mínísítà mẹ́ta tí yóò ti ẹkùn náà lọ. Báyìí ni ìwọ̀-oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń ṣe olórí ìjọba rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣe rán Adégòkè Adélabù, Festus Okotie-Eboh àti Kọ́lá Balógun lọ s'Ékòó. Balógun di mínísítà fún ìwádìí àti ìròyìn. Ọmọdékùnrin tó ti ń kígbe lójú pópó lé ìjọba lórí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló wá di ẹni tó ń bá ìjọba kéde ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1958 ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀nà ti yà.

Ọdún burúkú ni fún ẹgbẹ́ Alákùkọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, Adélabù kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ìbàdàn dàrú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹgbẹ́ náà sì pàdánù ẹni tó lè kó èrò jáde jùlọ nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ owó ìjọba tí wọ́n fi sí ACB, báńkì Zik, èyí tí ìgbìmọ̀ Foster-Sutton ti tú palẹ̀ ní ọdún méjì ṣáájú, ṣì ń rùn ní imú àwọn ènìyàn. Ní ìlà-oòrùn, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Zik gbé kalẹ̀ ti kọjá agbára àpò ìjọba, wọ́n ní láti dá owó ilé-ẹ̀kọ́ padà lé àwọn òbí lórí, àwọn obìnrin sì dìde kọ̀ ọ́. Awuyewuye wà nínú ẹgbẹ́ pé olórí ti gbàgbé Èkó, pé Enugu ló kù tó ń rí.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ń ṣèpàdé l'Ékòó. Ìwé kan jáde láàárín wọn. Ènìyàn 31 ló fọwọ́ sí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí Zik fi ipò sílẹ̀. K.O. Mbadiwe àti Kọ́lá Balógun, mínísítà méjì, ló ṣíwájú. Ẹ fi ojú inú wo yàrá yẹn. Zik wà níbẹ̀, ọkùnrin tí Balógun ti torí orúkọ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́mọdé. Kò sí ẹni tó lè sọ pé Balógun kò mọ ohun tí orúkọ náà lè ṣe fún ẹni tó bá kọjú ìjà sí i. Òun wà lára àwọn tó sọ orúkọ náà di orin lẹ́nu ọmọ ènìyàn. Ohun tó kọ́ ló dìde sí i. Àwọn kan nínú àwọn tó fọwọ́ síwèé yára fà sẹ́yìn, èrò ìta ń hó lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ lórí, ẹgbẹ́ sì lé àwọn aṣáájú wọn jáde. Balógun àti Mbadiwe pàdánù ipò mínísítà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Ìbò oṣù kejìlá ọdún 1959 gbá ẹgbẹ́ náà lọ bí ìgbálẹ̀ ṣe ń gbá ewé gbígbẹ.

Àwọn kan pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dalẹ̀ máa ń ṣe é lóru, kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé kó sì gbé e síwájú ẹni tó fẹ́ dà. Mo gbà pé ó ṣi ìwọ̀n agbára ara rẹ̀ kà. Ìyẹn yàtọ̀ sí ọ̀dàlẹ̀.

Kí òmìnira tó dé ni wọ́n ti rán an lọ sí Accra gẹ́gẹ́ bí aṣojú Nàìjíríà, ó sì di Háì Kọmíṣánnà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní ní Gánà. Kò sí ìlú tó lè nira fún un jù ìyẹn lọ. Accra ni Azikiwe ti kọ́kọ́ di gbajúmọ̀, nígbà tó ń ṣe olóòtú African Morning Post láàárín ọdún 1935 sí 1937. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn pé ó ń da ìlú rú, tó sì borí nígbà tó pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nkrumah, ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ nígbà náà, gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí yunifásítì Lincoln ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ibi yòówù tí Balógun bá tẹ ẹsẹ̀ sí ní Accra, Zik ti débẹ̀ rí.

Gánà àti Nàìjíríà ìgbà náà dà bí ọmọ ìyá méjì tó ń pín ogún. Òyìnbó ti fi okùn kan so wọ́n pọ̀: owó kan náà ni wọ́n ń ná, ọkọ̀ òfurufú kan náà ni wọ́n ní, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kan náà ló ń dájọ́ wọn. Gánà gba òmìnira ní oṣù kẹta ọdún 1957, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù keje ọdún 1958, ó tẹ owó tirẹ̀ jáde. Lọ́dún yẹn kan náà ló yọ ọwọ́ kúrò nínú iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, ó dá Ghana Airways sílẹ̀. Ẹni tó ń pariwo ìṣọ̀kan Áfíríkà jùlọ ló kọ́kọ́ tú ìṣọ̀kan kékeré tó wà nílẹ̀. Àwọn ará Gánà ní ìdáhùn tiwọn: ìṣọ̀kan tí òyìnbó dì kì í ṣe ìṣọ̀kan. Mo gbọ́ àlàyé náà yé mi. Síbẹ̀, ó ṣòro fún mi láti rí ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Nkrumah fẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà di ìjọba kan. Nígbà tí Gánà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò sí lábẹ́ ọbabìnrin mọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1960, ó kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ pé òun ṣe tán láti jọ̀wọ́ agbára òun fún irú ìjọba àpapọ̀ bẹ́ẹ̀. Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà, ní tirẹ̀ gbà pé kí a kọ́kọ́ jọ ṣòwò, kí a jọ la ọ̀nà, kí a mọ ara wa ná. Ní ìpàdé Addis Ababa ní oṣù kẹfà ọdún náà, Maitama Sule tó ṣojú Nàìjíríà sọ̀rọ̀ tako èrò Nkrumah ní gbangba, láìfi epo bọ iyọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni rògbòdìyàn Congo: Gánà ń ti Lumumba, olórí ìjọba ibẹ̀, lẹ́yìn, Nàìjíríà ń rìn pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìrìn pẹ̀lẹ́, àwọn ìwé ìròyìn ìlú méjèèjì sì ń bú ara wọn. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò ju ọ̀rọ̀ bọ́m̀bù átọ́míìkì tí Faransé ń yìn nínú aṣálẹ̀ Sàhárà lọ. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta tó yìn ní oṣù kejìlá ọdún 1960, Nàìjíríà lé aṣojú Faransé lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní ọdún 1961. Ní oṣù kan náà ni àwọn tó wà lẹ́yìn Nkrumah kóra jọ sí Casablanca. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn tó gba ti Balewa kóra jọ sí Monrovia. Áfíríkà ti pín sí méjì.

Àárín méjì yẹn ni Balógun dúró sí. Tí a bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ọdún 1946 ka ìwọ̀n pẹ̀lú ti Nkrumah, yóò ṣòro láti mọ èyí tó wúwo jù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ ni wọ́n rán an. Àwọn bàbá wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. A máa ń lo òwe yìí fún ìránṣẹ́ tó mọ ọgbọ́n, a kì í rò ó dé ọ̀dọ̀ ohun tó ń ná ìránṣẹ́ náà. Ajìjàgbara ń gba ìyìn nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ jáde. Ikọ̀ ń gba ìyìn nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ dúró síbẹ̀. Láti inú iṣẹ́ àkọ́kọ́ bọ́ sínú èkejì, láàárín ọdún díẹ̀, tí èrò tí a rán ọ láti gbè lẹ́yìn sì ń gbógun ti àlá ìgbà èwe rẹ, kì í ṣe nǹkan kékeré. Balógun kọ ìwé lórí ọdún tó lò níbẹ̀ nígbà tó yá, ó pè é ní Mission to Ghana, ó sì jáde ní ọdún 1963.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́lá-ńlá nìkan kọ́ ló wà nílẹ̀ ní Accra, ibí sì ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí gan-an. Àwọn Yorùbá tó wà ní Gánà nígbà náà lé ní 100,000. Wọ́n ti ń lọ síbẹ̀ kí òyìnbó tó fa ààlà. Obì gbàǹja tí à ń jẹ, orúkọ Gonja ní àríwá Gánà ló wà lára rẹ̀. Nígbà tí rélùwéè àti mọ́tò dé, wọ́n lọ sí i: láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìnísà, láti Ìrèé tí kò jìnnà sí Ọ̀tan rárá. Wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́, ọṣẹ, ìṣáná, ní Kùmásì, ní Tamale, àti ní abúlé tí ẹnikẹ́ni mìíràn kò gbé ọjà dé. Àwọn ará Gánà ń pè wọ́n ní Aláta. Wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀, wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó sọ pé ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sọ pé àlejò ni wọ́n.

Àmì ewu ti hàn kí Balógun tó débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1957, oṣù díẹ̀ péré lẹ́yìn òmìnira, ìjọba Gánà mú Alhaji Amadu Baba, Sarkin Zongo (olórí àdúgbò àwọn àlejò) ní Kùmásì, àti Alhaji Othman Larden, ó fi wọ́n sínú ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sí Kano. Alátakò òṣèlú ni wọ́n. Wọ́n ti lọ sílé ẹjọ́ pé ọmọ Gánà làwọn; ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ tí ilé aṣòfin fi ṣe òfin kan tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lára rẹ̀, kí wọ́n lè rí wọn lé lọ. Ẹni tó bá ka ìtàn yẹn dáadáa yóò mọ̀ pé ìbéèrè tó ń bọ̀ kì í ṣe bóyá Áfíríkà yóò di ọ̀kan. Ìbéèrè náà ni: obìnrin tó ti ń ta aṣọ ní ọjà Kùmásì fún ogún ọdún, ọmọ ibo ni? Àwọn olórí ìjọba méjèèjì fi ọdún púpọ̀ jiyàn lórí ìṣọ̀kan ilẹ̀ ńlá, wọn kò jókòó kọ ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ lórí obìnrin yẹn.

Balógun fi Accra sílẹ̀ ní ọdún 1961. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nǹkan tún wá le sí i. Ní ọdún 1962, nígbà tí wọ́n ń wá àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, Gánà ni àwọn kan nínú wọn sá sí. Òun fúnra rẹ̀ jẹ alága iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Nàìjíríà, ó sì tún wà lára àwọn kọmíṣánnà ní ìjọba ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Ọ̀gágun Adébáyọ̀ nígbà tí àwọn ológun ti gba ìjọba. Kò tún dé ibi tó ti dé rí nínú òṣèlú mọ́. Ní ọdún 1969 ni ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde, Village Boy.

Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò níbẹ̀. Nkrumah ti kúrò lórí oyè, ogun ṣì ń jà ní Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn ta ọjà ní ìdajì ìdajì owó rẹ̀, àwọn mìíràn fi sílẹ̀ láìtà. Mọ́tò ń já wọn sílẹ̀ ní Ọ̀fà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìnísà, pẹ̀lú ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀kan nínú àwọn tó bọ́ nínú mọ́tò wọ̀nyẹn ń ta ṣúgà àti tíì ní ojúde wa. Ìyá Gánà là ń pè é. Tó bá fẹ́ ka owó, yóò kọ́kọ́ tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí itan, yóò to ẹyọ owó sí i ní márùn-ún márùn-ún, yóò sì máa kà á sábẹ́ ètè: baako, mmienu, mmiɛnsa. Ó ní Yorùbá lòun fi ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n èdè Twi lòun fi kọ́ owó, òun kò sì lè fi òmíràn kà á kó má ṣì. Nígbà tí mo dàgbà tí mo ka ìtàn Balógun, mo bi í léèrè bóyá ó mọ ọmọ Ọ̀tan tó ń ṣojú wa ní Accra láyé Nkrumah. Ó ronú díẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ilé kan wà ní Accra tí àwọn alákọ̀wé máa ń lọ. Ní Kùmásì tiwọn, tí ọ̀rọ̀ bá délẹ̀, ọ̀dọ̀ olórí àwọn Yorùbá ni wọ́n máa ń gbé e lọ, ẹni yẹn ni yóò sì wọ agbádá rẹ̀ tí yóò bá wọn lọ bẹ ìjọba. Lẹ́yìn náà ó bojú wo ìborùn rẹ̀, ó ní mo ti mú òun ṣì í kà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan.